Wọ́n fẹ́ gé igi mẹ́ta ní ọgbà ìjọ wa: báwo ni mo ṣe lè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì?

TíṣàÌyábọ̀ béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi náà ni mò ń darí kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe méjèèjì, wọn ò sì bá ara wọn jà nínú mi rí. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìjọ pinnu pé àwọn máa gé igi ńlá mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn, kí wọ́n lè da kọnkéré síbẹ̀ fún ọkọ̀. Àwọn igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Abẹ́ wọn la máa ń sá sí tí inú ilé bá gbóná jù.

Mo tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nípàdé. Mo ṣàlàyé bí gáàsì carbon dioxide ṣe ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé, bí 280 ló wà nínú ẹyọ mílíọ̀nù kan, pé ó ti lé ní 420 báyìí, àti bó ṣe ń dí ooru mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo parí, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an dìde, wọ́n ṣí Jẹ́nẹ́sísì 8:22, wọ́n kà á sókè: níwọ̀n ìgbà tí ayé bá wà, ìgbà irúgbìn àti ìgbà ìkórè, òtútù àti ooru, kì yóò dẹ́kun. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ẹni tó ṣèlérí yẹn ò tíì sùn." Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo ròyìn rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní kí ló tiẹ̀ gbé mi débẹ̀, pé ẹ̀sìn ò mọ nǹkan kan nípa ooru, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ti bàbá lọ.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ẹ̀sìn àti sáyẹ́ǹsì ti jọ tọ́jú àyíká lóòótọ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ayùn tó dé.

BàbáOdò fèsì:

Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ omi ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó jẹ mọ́ omi wá.

Erékùṣù kan wà ní Indonéṣíà tó ń jẹ́ Bali. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní subak, ó ti wà láti bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Omi tó ń wọ oko wọn wà lábẹ́ àkóso àwọn tẹ́ńpìlì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pinnu ẹni tó máa gbìn báyìí àti ẹni tó máa dúró. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba mú irúgbìn tuntun tó ń yára gbó wá, wọ́n ní kí kálukú máa gbìn léraléra, kó má wo ètò tẹ́ńpìlì mọ́. Kò pẹ́ tí kòkòrò fi bo oko, omi ò sì kárí mọ́.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Tí oko mi bá ṣófo, tí tiyín sì ń hù lọ́wọ́, kòkòrò tó jẹ tèmi tán máa fò wá sọ́dọ̀ yín, á sì padà sọ́dọ̀ mi tí tèmi bá tún hù. Ebi ò ní pa á láé. Tí gbogbo àdúgbò bá jọ kórè, tí wọ́n sì jọ fi ilẹ̀ sílẹ̀, kòkòrò ò ní rí nǹkan jẹ. Àmọ́ tí gbogbo ènìyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀ odò bá tún gbìn lọ́jọ́ kan náà, omi ò lè tó wọn. Àárín méjèèjì yẹn ni àwọn tẹ́ńpìlì ń wá. Stephen Lansing, onímọ̀ nípa ìṣe àti àṣà ẹ̀dá, àti James Kremer tó jẹ́ onímọ̀ nípa àyíká, gbé gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí kọ̀ǹpútà sọ pé ó dára jù sún mọ́ ètò tẹ́ńpìlì pẹ́kípẹ́kí. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2012.

Lansing kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ara tẹ́ńpìlì, ó gbọ́ tẹnu wọn, kó tó wọn ohunkóhun. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin gbé afẹ́fẹ́ gbogbo ayé lọ síwájú àwọn tí ọ̀rọ̀ igi mẹ́ta wà nílẹ̀ fún. Ara ẹnikẹ́ni ò mọ 420. Ara gbogbo yín ló mọ ooru ọ̀sán.

Ẹ bá mi sọ fún ará físíìsì yín pé John Houghton, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì afẹ́fẹ́ ní Oxford, wà lára àwọn tó darí apá sáyẹ́ǹsì nínú ìròyìn IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ti 1990, 1995 àti 2001. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Kristi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Alfa_Kéwú fèsì:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Kànga mọ́sálásí wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ṣáájú àsìkò. Jímọ̀ méjì tẹ̀ léra ni mo fi ṣe wáàsí lórí Suratul A'raf, "ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ má sì ṣe àpà." Gbogbo èèyàn mi orí. Omi tí à ń dà nù ò dín kù. Ọmọbìnrin kan tó ń ka kẹ́mísírì wá bá mi pẹ̀lú korobá àti àwọn ìgò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà kan. Ó ní kí n gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ, kí n ṣe àlùwàlá bí mo ṣe máa ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló ń da omi korobá náà sínú àwọn ìgò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn. Ìgò mẹ́fà kún, ìkeje dé ìdajì.

Ó wà nínú ìwé Bukhari, àkójọ hadith (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì), pé mudd kan ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá. Mudd kan, ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ gbà ni, kò tó lítà kan. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní hadith yìí láti ogún ọdún ni mo dúró níwájú ìgò mẹ́fà ààbọ̀. Wáàsí mi ò burú, Tíṣà. Mi ò kàn mọ iye tí mò ń dà nù ni, títí ọmọ yẹn fi wọ̀n ọ́n lójú mi.

Olóòótọ́_27 fèsì:

Mi ò fẹ́ ta omi sí iná yín, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, nǹkan bí ogójì aṣáájú ẹ̀sìn pé sí Vatican pẹ̀lú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbé e lé ẹni tó máa darí COP26, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, ní Glasgow lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, carbon dioxide ò dẹ́kun pípọ̀. Kí ni ìbùwọ́lù yẹn ṣe fún igi Tíṣà?

MàmáẸyẹ fèsì:

Olóòótọ́, mi ò lè já yín nírọ́ lórí ìwé. Àmọ́ ẹ wo àríwá Ethiopia. Lórí àwọn òkè ibẹ̀, oko àti ẹran ọ̀sìn ti gba ilẹ̀ tó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀, díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sì pọ̀ jù lọ ní àyíká àwọn ìjọ Orthodox Tewahedo. Tí ẹ bá wo fọ́tò tí wọ́n yà látòkè, ẹ ó rí ilẹ̀ pupa lọ salalu, ẹ ó wá rí igbó róbótó kan, òrùlé ìjọ á wà láàárín rẹ̀.

Àwọn àlùfáà mọ̀ pé àwọn ń ṣọ́ igbó náà. Ohun tí wọn ò rí ni pé etí rẹ̀ ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, torí màlúù ń wọ ibẹ̀ jẹ igi kékeré. Alemayehu Wassie, ọmọ ibẹ̀ tó jẹ́ onímọ̀ nípa igbó, àti Meg Lowman láti Amẹ́ríkà, fi fọ́tò sátẹ́láìtì hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i, àwọn ará ìjọ ṣa òkúta tó ń dí wọn lọ́wọ́ nínú oko, wọ́n fi mọ odi yí igbó ká. Inú mi máa ń dùn sí òkúta yẹn: oko yọ nínú wàhálà, igbó sì rí ààbò. Fọ́tò nìkan ò lè mọ odi. Àdúrà nìkan ò sì tíì rí màlúù yẹn fún gbogbo ọdún tó ti ń wọlé.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà, tí UNESCO gbà ní 2005, ọwọ́ àwọn tó ń bọ ọ́ ló jẹ́ kó ṣẹ́ kù. Wọ́n lè ṣọ́ igi. Àmọ́ ìwakùsà wúrà lókè odò ti sọ omi di ẹrẹ̀, ohun tó sì wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó di dandan kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ojú tó rí i.

TíṣàÌyábọ̀ fèsì (lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá):

Ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò mú nọ́ńbà kankan dání lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru méjì ni mo yá ní ilé ẹ̀kọ́, mo bẹ bàbá pé kí wọ́n bá mi dé ọgbà ní aago méjì ọ̀sán.

Bàbá gbé ọ̀kan kalẹ̀ lábẹ́ igi àárín. A gbé èkejì sórí kọnkéré iwájú ìjọ. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá gbé awò ojú wọn sókè, wọ́n kà á fúnra wọn: 32 lórí ilẹ̀ abẹ́ igi, 49 lórí kọnkéré. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé kọnkéré náà, wọ́n sì yára mú un kúrò.

Wọ́n béèrè pé ṣé tí a bá ta páànù síbẹ̀, kò ní ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò tíì ronú sí i rí. Mo ní páànù máa ṣe ibòòji, àmọ́ igi ń fa omi láti ilẹ̀, ewé rẹ̀ ń tú u jáde bí oru omi, omi yẹn sì ń gbé ooru lọ bí òógùn ṣe ń gbé e kúrò lára wa. Páànù kì í làágùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣí Jẹ́nẹ́sísì 2:15, láti máa ro ó, àti láti máa ṣọ́ ọ. Mo ní, "Bàbá, ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ nǹkan, ṣé kò yẹ kó mọ bó ṣe rí láàárọ̀ àti bó ṣe rí lálẹ́?" Wọ́n ní 8:22 ṣì wà níbẹ̀ o. Mo ní mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú, ó ṣèlérí pé ooru ò ní dẹ́kun, kò ṣèlérí pé ooru náà máa wà bí a ṣe bá a. Bàbá ò dáhùn. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ìgbìmọ̀ ti tún jókòó. Wọ́n ṣì máa gé èyí tó wà lẹ́bàá ògiri, torí gbòǹgbò rẹ̀ ti sán ìpìlẹ̀. Mo lọ wò ó, òótọ́ ni, mo gbà. Méjì tó kù máa dúró, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì máa dà síbẹ̀ dípò kọnkéré, kí òjò lè rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ará físíìsì béèrè bóyá aago kan náà la ka méjèèjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó wá fúnra rẹ̀, ó dúró síta títí ìsìn fi parí, òun àti bàbá sì jọ ka ẹ̀rọ.

Bàbá ń béèrè báyìí bóyá a lè máa wọn òjò náà. Ta ló mọ bí a ṣe ń ṣe é láìra ẹ̀rọ?

BàbáOdò fèsì:

Ẹ wá ìgò oníke tí ara rẹ̀ tọ́, tí kò ní ikùn. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dojú orí náà dé inú ìgò bí àrọ, kí oòrùn má baà fa omi náà lọ. Tí ìdí ìgò ò bá tẹ́, ẹ da omi díẹ̀ sí i títí á fi tẹ́, ẹ fa ìlà síbẹ̀, ibẹ̀ ni òdo yín. Ẹ lẹ rúlà mọ́ ọn lára. Ẹ gbé e jìnnà sí igi àti ògiri, ẹ máa kà á ní wákàtí kan náà láràárọ̀, kí ẹ sì dà á padà sí orí òdo. Ẹ sọ fún bàbá pé mìlímítà kan tí wọ́n bá rí, lítà omi kan gééré ló bọ́ sórí gbogbo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan.