Ta ni kí wọ́n pè bí ìwé wa bá borí?
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìtàn iwin àti àǹjọ̀nú tí mo ṣàkójọ rẹ̀ níbí l'Óṣogbo ti wọ ìdíje àmì-ẹ̀yẹ British Fantasy, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ìwé ìtàn àràmàǹdà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí àkójọ ìtàn ti ní ẹ̀bùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú mi dùn kọjá àfẹnusọ!

Orúkọ ìwé àti tèmi, olóòtú, nìkan ni wọ́n kọ síta. Àwọn tó kọ ìtàn ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn, aláró ni ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Inú ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀ ló fọwọ́ kọ tirẹ̀ sí, àmì aró ṣì wà létí ewé rẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn rẹ̀ ló gbé ìwé náà dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe olóòtú rí, ẹ dákun: bá a bá borí, ṣé kí n ka orúkọ gbogbo wọn síta ni, àbí kí n ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé?