Space opera kì í ṣe eré olórin

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń jagun láàárín ìràwọ̀ ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ti fún un rèé: space opera, "eré olórin òfurufú", starfighter, "jagunjagun ìràwọ̀", dogfight, "ìjà ajá", wingman, "ọkùnrin ìyẹ́".

Eré olórin kọ́ o. Wilson Tucker, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́dún 1941, èébú ló sì fi bú àwọn ìtàn ọkọ̀ òfurufú tó ti sú u. Ara soap opera ló ti yọ ọ́, ìyẹn eré rédíò tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń sanwó fún ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, láti 1944 tí Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀, eré olórin ní ìlù, ó ní ijó. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ìwé á kàn máa wá onílù kiri ni. "Ìtàn akọni òfurufú" tó.

Starfighter tí ẹ pè ní jagunjagun ńkọ́? Èèyàn ni jagunjagun, ẹ̀rọ la sì ń wá orúkọ fún, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń jà lófurufú. Ẹ̀gbọ́n kan mú "ọkọ̀ ogun gbalasa òfurufú" wá. Ó péye, akọ̀ròyìn lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ fi sẹ́nu ọmọ ogun tó ń kìlọ̀ fún Kẹta, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀tá ń lé bọ̀: "Kẹta, ọkọ̀ ogun gbalasa òfurufú méjì wà lẹ́yìn rẹ!" Kó tó pè é tán, Kẹta ti jóná. Ẹ wá gbọ́ èyí: "Kẹta, àwòdì méjì lẹ́yìn rẹ, yà sósì!"

Àwòdì ni tèmi. Ó ń rà bàbà lókè, ẹ̀ẹ̀kan náà ló já ṣòòrò gbé òròmọdìẹ lọ. Iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn gan-an nìyẹn. Àṣá kúrú jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀wé láìfi àmì sí i yìí, "àṣà" làwọn òǹkàwé máa kà.

Bó bá jẹ́ àwòdì, a jẹ́ pé "ìjà àwòdì" ni dogfight, ìyẹn ìjà àfojúkojú láàárín ọkọ̀ ogun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òfurufú. Ìjà ajá pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò sí nínú ìwé ọ̀hún, àwa la fi kún un. Ọmọ Oǹdó tó bá kà á á ní ọdún Ògún ti dé.

Ní ti wingman, ìyẹn awakọ̀ tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ mìíràn láti máa ṣọ́ ọ, ẹ gba ọkùnrin kúrò níbẹ̀, obìnrin pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn. "Ẹnìkejì" dára. Àwọn kan á ní ìyàwó tàbí ọkọ lèèyàn ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀: bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn jiyàn lórí rédíò, tọkọtaya kì í jà tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ace, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, awakọ̀ tó bá já bàálù ọ̀tá márùn-ún lulẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Ògbójú" ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá ní èyí tó yá lẹ́nu jù ú lọ, kó gbé e wá.