Fọ́tò di méjì-méjì láàárín iPad àti Lightroom Classic: èwo ni kí n pa rẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. iPad ni káàdì kámẹ́rà ń kọ́kọ́ wọ̀, kí n lè fún àwọn fọ́tò ní ìràwọ̀ (àmì bí fọ́tò ṣe dára tó) nínú Lightroom, áàpù Adobe tí a fi ń yan fọ́tò, tí a sì fi ń tún un ṣe, kí iṣẹ́ tó tú. Tó bá kan kọ̀ǹpútà, màá tún kó káàdì kan náà sínú Lightroom Classic, ẹ̀yà rẹ̀ ti orí kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ ti di méjì-méjì: 412 wà nínú fódà tí mo fọwọ́ kó wọlé, kò sí ìràwọ̀ lára wọn, 412 mìíràn wà lábẹ́ orúkọ iPad, tiwọn ní ìràwọ̀. Mo fi àmì sí Don't Import Suspected Duplicates (má ṣe kó fọ́tò tó bá jọ ẹ̀dà wọlé), síbẹ̀ kò dí wọn lọ́wọ́. RAW (fáìlì kámẹ́rà tí a ò tíì ṣe nǹkan kan sí) ni gbogbo wọn, bíi 25 MB lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n pa rẹ́ tí ìràwọ̀ ò fi ní bá a lọ?

Ìdáhùn 1

Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Fọ́tò tó bá gba inú Lightroom orí iPad wọlé, odidi fáìlì rẹ̀ ló ń gòkè lọ sí cloud, ibẹ̀ ni Classic sì ti ń fà á wá sórí kọ̀ǹpútà. Don't Import Suspected Duplicates kì í wo cloud rárá. Ohun tó ti wà nínú catalog (ìwé àkọsílẹ̀ fọ́tò ti Classic) lásìkò tí ẹ ń kó káàdì ló ń wò, á fi orúkọ fáìlì, àkókò tí wọ́n ya fọ́tò àti bí fáìlì ṣe tóbi tó wé ara wọn. Bí ti iPad ò bá tíì sọ̀ kalẹ̀, kò sí ohun tó máa fi wé. Nígbà tí èyí tó ń bọ̀ láti cloud bá wá dé, kò sí ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó ní ìràwọ̀ ni kí ẹ tọ́jú, torí RAW kan náà ni méjèèjì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo àmì cloud tó wà lókè lápá ọ̀tún nínú Classic, kó jẹ́ pé sync (bí fọ́tò ṣe ń lọ, tó ń bọ̀ láti cloud) ti parí. Ẹ ṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ti iPad, kí ẹ rí i pé ìwọ̀n píksẹ́lì wọn bá ti èkejì mu. Ẹ ṣe ẹ̀dà catalog àti ẹ̀dà àwọn fọ́tò sórí díìsìkì mìíràn. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí fódà tí kò ní ìràwọ̀ nínú pánẹ́ẹ̀lì Folders, ẹ yan gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ Delete, kí ẹ mú Delete from Disk. Inú Folders ni o, kì í ṣe inú Collection: nínú Collection, yíyọ fọ́tò kúrò nínú àkójọ yẹn ni Delete ń ṣe, fáìlì ṣì wà lórí díìsìkì.

Ó wá ku ká kó ti iPad sí ààyè tó ṣófo yẹn. Inú Classic gan-an ni kí ẹ ti wọ́ wọn. Ẹni tó bá fi Explorer tàbí Finder gbé wọn, àmì ìyanu (!) ló máa bá lórí gbogbo wọn, torí Classic ò ní mọ ibi tí wọ́n gbà.

Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ mú ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ iPad, káàdì ò gbọ́dọ̀ kan Classic mọ́. Ẹ lọ sí Preferences, Lightroom Sync, kí ẹ sọ fódà tí fọ́tò láti cloud máa bọ́ sí, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ọjọ́ tí wọ́n ya wọ́n pín wọn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kó káàdì sí Classic, ẹ ṣe Collection, kí ẹ fi àmì sync sí i. Smart Preview, ẹ̀dà kékeré tó ṣeé tún ṣe, ni iPad máa gbà, 2560 píksẹ́lì ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, kì í sì í jẹ ààyè cloud yín. Ìràwọ̀, àsíá àti àtúnṣe àwọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Keyword (ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ mọ́ fọ́tò láti fi wá a) ò ní kọjá, Smart Collection (àkójọ tó ń fi òfin kó fọ́tò jọ fúnra rẹ̀) ò ṣeé sync, catalog kan ṣoṣo ló sì lè máa sync lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kejì yìí ló dára jù fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò lágbára.

Ìdáhùn 2

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fọ́tò 412 ní 25 MB jẹ́ 10.3 GB. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé 5 Mb (megabit, kì í ṣe MB) sókè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní wákàtí 4 àbọ̀. iPad kì í sì í jẹ́ kí áàpù tí ẹ ti kúrò lórí rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pẹ́, ìdí nìyẹn tí sync fi ń dúró sójú kan. Ẹ sọ Auto-Lock di Never kí iPad má baà ti ara rẹ̀, ẹ so ó mọ́ iná, kí Lightroom wà ní ṣíṣí lójú iPad títí á fi parí. Ẹ má ṣe yọ áàpù náà kúrò lórí iPad kó tó parí, torí fọ́tò tí kò tíì gòkè máa bá a lọ. Káàdì pàápàá, ẹ má fọ́máàtì í àfi tí ẹ bá ka 412 pé nínú Classic.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé wáyà ò lè gbé e láìsí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn 3

Wáyà ò rí ohun tó wà nínú Lightroom. Áàpù Photos ti iPad fúnra rẹ̀ ni Import ti Classic lè wò, ìràwọ̀ tí ẹ fún wọn nínú Lightroom ò sì ní bá wọn dé.

Fún ohun tó bá wà nínú Photos, ẹ tẹ Trust lórí iPad. Windows nílò Apple Devices tàbí iTunes. Ẹ wá Photos nínú Settings: tí Optimize iPad Storage bá wà ní títàn, ẹ̀dà kékeré ló lè wà lórí iPad, kọ̀ǹpútà ò sì ní rí odidi fọ́tò. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ yí Transfer to Mac or PC kúrò ní Automatic sí Keep Originals. Automatic ń sọ HEIC (irú fáìlì fọ́tò tí Apple ń lò) di JPEG lójú ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀dà wọn ti máa ń já lórí Windows.