"Ìsọdọ̀tun" kọ́ là ń ṣe fún alùpùpù àtijọ́

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: kí ni ká máa pe iṣẹ́ ẹni tó gbé alùpùpù àtijọ́ tó ti dákẹ́ wọlé, tó ń tú u, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń tò ó padà títí yóò fi tún máa rìn? Ẹnì kan mú "ìsọdọ̀tun" wá. Ẹlòmíràn ní "àtúnṣe" ti tó, pé kí la tún ń wá kiri. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá fi "àjíǹde" kún un. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ń pè ní òkú, kò tíì kú rárá. Màá padà sórí ìyẹn.

"Ìsọdọ̀tun" ni mi ò fara mọ́, kì í sì í ṣe torí pé kò dùn létí. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ; orúkọ iṣẹ́ náà a máa ro ọwọ́ tó ń ṣe é, pàápàá ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ sọ fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí pé kó lọ sọ Honda C70 kan dọ̀tun. Kó tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, á ti mú sáńpépà, á ti máa ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ dànù. Á ha á títí dé ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára férémù, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn àti ti ara ẹ́ńjìnì la fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, òun náà la sì fi ń mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé sí i látilẹ̀. Nígbà tó bá parí, á máa dán gbinrin. Ó ti sọ ọ́ dọ̀tun lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe alùpùpù tó bá nílẹ̀ mọ́.

"Àtúnṣe" ní tiẹ̀ kò lábùkù kankan, iṣẹ́ tirẹ̀ ló yàtọ̀. Bíréèkì kò mú, a tún un ṣe. Ṣéènì já, a tún un ṣe. Ohunkóhun tó bá ti wọ ibẹ̀, tó sì ṣiṣẹ́, ó bójú mu.

Èyí tí mo fara mọ́ ni "ìmúbọ̀sípò". Ẹni tó ṣàìsàn tó sì gbádùn, a kì í sọ pé ara rẹ̀ ti di ọ̀tun. A ní ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Àpá lè wà níbẹ̀, ewú lè wà lórí, kò ní ká má sọ ọ́. "Ipò" yẹn gan-an ni ẹran inú ọ̀rọ̀ náà, torí ó ń fi tipátipá bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ léèrè pé ipò wo ló fẹ́ mú un padà sí. Kò lè dáhùn láìwá ìwé ìlànà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ, kò sì lè dáhùn láìya fọ́tò gbogbo wáyà àti gbogbo bóòtù kó tó fọwọ́ kan sípánà. Ẹ wo C70 ọdún 1975: fóòtì (volt) 6 ni iná rẹ̀. Ẹni tó bá kàn gbé bátìrì fóòtì 12 sí i, gílóòbù rẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá yí gbogbo rẹ̀ pátá sí 12 kí iná rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ dáadáa lálẹ́, ọgbọ́n ló ṣe, mi ò bá a jà. Àtúnṣe ló ṣe, kí ó má sọ pé ìmúbọ̀sípò ni.

Wọ́n ní ó gùn jù. Orúkọ rẹ̀ ló gùn, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ kò gùn: "mò ń mú BSA kan, alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀ sípò." Ahọ́n ta ni ìyẹn fẹ́ kọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí òkú tí kò kú. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnì tó bá ti kọ̀ tí kò yí, ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ ni pé "ó ti nọ́ọ̀kì". Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́ nọ́ọ̀kì, ọkàn rẹ̀ já, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Bẹ́ẹ̀ ariwo ni nọ́ọ̀kì. Bẹ́árìn tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ló ti jẹ, tí àyè ti wà níbi tí kò yẹ kí àyè wà, tí irin wá ń gbá irin, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì sábà máa ń yí. Yíyí rẹ̀ gan-an la fi ń gbọ́ ariwo yẹn.

Èyí tí kò yí rárá ti gan ni. Ọ̀rọ̀ tá a ń lò fún ọrùn tí kò ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì ni, kò sì sí èyí tó bá a mu jù ú lọ. Alùpùpù náà jókòó sójú kan, ọdún gorí ọdún, ọ̀rinrin wọlé, ìpẹtà sì lẹ ríìngì písítìnì mọ́ ara sílíńdà. Nọ́ọ̀kì ń fẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, kí wọ́n tú u dé ìdí. Gan lè má fẹ́ ju sùúrù lọ. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da epo tó ṣàn dáadáa gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, kó jókòó sórí písítìnì fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún bù sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sí jíà tó ga jù, kẹ́ ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, kẹ́ ẹ máa mì í síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìfi agbára. Nígbà tó bá máa tú, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó rí i lójú. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí èèyàn gorí kíkì kó máa fò lé e. Eyín jíà kékeré tó wà nídìí kíkì lè kán, iṣẹ́ ti wá di méjì nìyẹn. Ẹ wá rí i pé ẹni tó pe gan ní nọ́ọ̀kì kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ lásán. Odindi ẹ́ńjìnì ló lè bá a lọ.

Ẹnì kan dábàá "apoafẹ́fẹ́mépo" fún kabúrétọ̀. Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu o, nítorí pípò afẹ́fẹ́ mọ́ epo náà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi kabúrétọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti di tiwa. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Bẹntiróòlù tó pẹ́ nínú rẹ̀ máa ń di oje, oje yẹn ló sì ń dí ihò tín-ínrín tó wà nínú jẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kékeré tí epo ń gbà kọjá. Tá a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "gún un", abẹ́rẹ́ irin ló máa wá. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, irin le jù ú lọ. Ihò yẹn á fẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára kò ní bá a mu mọ́, epo á máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, púlọ́ọ̀gì á máa dúdú, kò sì ní mọ ohun tó fà á. "Rẹ ẹ́, fọ̀ ọ́, fẹ́ ẹ" la gbọ́dọ̀ máa sọ: kó rẹ ẹ́ sínú oògùn tó ń fọ kabúrétọ̀, kó fọ̀ ọ́, kó wá fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò rẹ̀ títí á fi rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní ti "ògbólógbòó alùpùpù" tí àwọn kan ń lò, mi ò fẹ́ ẹ. Létí tèmi, ọlọ́ṣà ló ń tẹ̀ lé ògbólógbòó. Akùrẹtẹ̀ jẹ́ èébú, àlòkù kàn ń sọ pé ẹnì kan ti lò ó rí ni, ì báà jẹ́ lánàá. "Alùpùpù àtijọ́" ti tó.

Ó ku ẹyọ kan tó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ tiwa pè: ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn ún látilẹ̀, tó ti ṣá, tó ti bó níbi mélòó kan, àmọ́ tó ṣì jẹ́ ojúlówó. A ní àkọ́bí, a ní àkọ́so. Mo dábàá "ọ̀dà àkọ́kùn", kí èyí tí wọ́n fi bò ó lẹ́yìn náà máa jẹ́ "àtúnkùn". Ẹ gbé ìjókòó, ẹ tún wo abẹ́ táǹkì níbi tí oòrùn kì í dé: tí àwọ̀ ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti òde pátápátá, bíi pupa níbi tí òde ti jẹ́ dúdú, àtúnkùn lẹ̀ ń wò lóde. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ kan náà ni, tí ti òde kàn ṣá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkọ́kùn. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí sáńpépà má sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn ju àkọ́kùn lọ, kó mú un wá. Kó ṣáà má jẹ́ "ọ̀dà àtètèkọ́ṣe" o.