Kí ló dé tí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kékeré mi kò dúró nígbà tí a pa rédíò ìdarí?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré, mo kí yín láti Kàbà. Tèmi ń lo bátìrì, rédíò ìdarí rẹ̀ sì jẹ́ 2.4 GHz. Mo mọ̀ pé rédíò ni a ń kọ́kọ́ tàn kí a tó so bátìrì mọ́ ọkọ̀, àti pé bí a bá ṣe tán, bátìrì ọkọ̀ ni a ń kọ́kọ́ yọ.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà dání tí ọ̀pá orí rédíò tó ń mú un sáré sì wà ní ìdajì, àbúrò mi ṣèèṣì pa rédíò. Dípò kí abẹ̀bẹ̀ dúró, ńṣe ló ń yí lọ, ó sì ya mí ní àtàǹpàkò. Ọpẹ́ ni pé kò jìn.

Mo fura sí failsafe, ìyẹn ètò tó ń pinnu ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe bí kò bá gbọ́ rédíò mọ́. Ṣé ìgbà tí mo bá ń so rédíò pọ̀ mọ́ rìsífà (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rédíò) ni mo gbọ́dọ̀ fa ọ̀pá náà wá sílẹ̀ pátápátá kí rìsífà lè gba ipò yẹn sórí, àbí inú rédíò fúnra rẹ̀ ni a ti ń ṣètò rẹ̀? Mo ti tú abẹ̀bẹ̀ kúrò báyìí, n kò ní dá a padà títí n ó fi rí ìdáhùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún sọ fún mi bóyá àwọn òkè tó wà ní àyíká ìlú wa lè dí ìgbì rédíò lọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá fò gba ẹ̀yìn wọn.