Factor V Leiden àti oyún tó ń bàjẹ́ léraléra
Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. London ni mò ń gbé, oyún sì ti ń bàjẹ́ mọ́ mi lára léraléra. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé mo jogún Factor V Leiden, èyí tí ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tí kò sì wọ́pọ̀ rárá láàárín àwa aláwọ̀ dúdú.

Dókítà kan ní kí n máa gún abẹ́rẹ́ heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo lójoojúmọ́ bí mo bá tún lóyún. Òmíràn ní kò pọn dandan, nítorí pé ìwádìí ALIFE2, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà kò fi kún iye àwọn tí ó bímọ láàyè láàárín àwọn obìnrin bíi tèmi. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò fún àìsàn antiphospholipid, tí òun náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kí oyún sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí a kì í jogún, tí heparin àti aspirin sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún, wọn kò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní irú èyí tí ó sì gbé oyún dé ìkúnlẹ̀, yálà ó gba abẹ́rẹ́ ni tàbí kò gbà á? Kí ni wọ́n sì ṣe fún yín kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí yín lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ?