“Afòfurufú” kọ́, ẹ̀gbọ́n: atukọ̀ ni wọ́n

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá lórí ibùdó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Rhodesia Gúúsù (Zimbabwe òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní “afòfurufú”. Wọ́n ní ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí sí “fò”. Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò gbà.

Ohùn yẹn, ti òfurufú ni. “Fò” ti di “fo” kó tó pàdé àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e: fo odi, fo gọ́tà. Ẹyẹ ń fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n fò tẹyẹ kì í gba àbọ̀. Èyí tó bá gbà á, rírékọjá ló jẹ́. Ọmọ tó fo kíláàsì kò jókòó níbẹ̀ rí. Afòfurufú á wá jẹ́ ẹni tí kò dé òfurufú rárá!

Atukọ̀ òfurufú ni tèmi. Ìyá bàbá mi tukọ̀ lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ títí agbára wọn fi dínkù. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á fi àjẹ̀ tẹ omi díẹ̀, imú ọkọ̀ á yà. Ẹni iwájú ń wà á, ẹni ẹ̀yìn ló ń tù ú. Ó dáa, ẹ wá wo Guinea Fowl, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà, lẹ́bàá Gwelo tó di Gweru lónìí. Bàálù kékeré tó ń jẹ́ Tiger Moth ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: olùkọ́ níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn, ọ̀pá ìdarí níwájú àwọn méjèèjì, rọ́bà gígùn kan ni ohùn olùkọ́ ń gbà dé etí akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá sọ̀kalẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ dá a gbé, ẹ̀yìn náà ni yóò wà. Ìdí ọkọ̀ nìyẹn!

Ẹni tó bá sọ pé omi nìkan ni “tù” wà fún, ṣebí orí omi náà ni “ọkọ̀” ti wá kí bàálù tó gbà á?

Ohun tó dùn mí jù ni “afòfurufú Áfíríkà”. Ẹ̀gbọ́n, “ní” dà? Láìsí i, á dà bí ẹni pé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdó Belvedere ní Salisbury (Harare òde òní) ní 24 oṣù Karùn-ún 1940, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ pápá ni wọ́n fún àwọn askari, ìyẹn àwọn ọmọ ogun dúdú, wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí. Atukọ̀ òfurufú NÍ Áfíríkà ni kí ẹ kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ “òfuurufú” pẹ̀lú u méjì, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la.